Báwo ni orin ṣe ń mú èèyàn? Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní Àjàṣẹ́ àti Kétu

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlù nínú àgbàlá ilé wa ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà láti bi mí ní nǹkan. Ìyá kan á pọn ọmọ dé, á ní, "Bàbá onílù, ọmọ yìí ò jẹ́ kí abọ́ sinmi nílé." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á sọ̀ kalẹ̀ lórí zémidjan, ọ̀kadà tiwa níbí, á bi mí bóyá òun ò ti dàgbà jù. Àwọn tó ń wá jù ni mo kó jọ síbí. Kétu ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà, ẹ máa rí i pé ẹsẹ̀ mi ń yà síbẹ̀ léraléra.

Níbo gan-an ni orin ti ń bẹ̀rẹ̀ lára èèyàn?

Inú oyún ni. Láti nǹkan bí oṣù kẹfà, etí ọmọ inú ti ń gbọ́. Ohùn ìyá ló ń gbọ́ jù, ọjọ́ tí wọ́n bá sì bí i, ó ti mọ ohùn náà yàtọ̀ sí tẹlòmíì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yìn ìyá ló kàn. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n lọ síbi ìsọmọlórúkọ kì í fi etí nìkan gbọ́ orin, àyà rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó ń jó. Bí ìyá bá tẹ̀, ọmọ á tẹ̀. Bí ìyá bá ń gúnyán, ọmọ ń gba ìró odó sára. Kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀, ó ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń balẹ̀ sí.

Èdè wa náà ń ṣe tirẹ̀. Ọmọ tó mọ ìyàtọ̀ láàárín igbá àti igba, láàárín ìgbà àti ìgbá, ti ń fi ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ṣiṣẹ́ láìmọ̀. Ohun kan náà ni gángan ń fi sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún mẹ́ta á fi gbọ́ ìlù, tí á sì yíjú, torí ó rò pé ẹnìkan ń pe òun.

Ṣùgbọ́n gbogbo wa la gba èyí, kì í sì í ṣe gbogbo wa la di onílù. Ohun tó yà wá sọ́tọ̀, ẹnìkan ló fi lé wa lọ́wọ́. Ẹ bi olórin èyíkéyìí, kò ní sọ fún yín pé "mo fẹ́ràn orin", ẹni kan àti ibì kan ni yóò dárúkọ. Angélique Kidjo, tí wọ́n bí sí Ouidah ní 1960, ọmọ ọdún 6 ni nígbà tó ti ń bá ẹgbẹ́ òṣèré ìyá rẹ̀ jáde. Ebenezer Obey, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìdógò, tí kò jìnnà sí ààlà wa. Sikiru Ayinde Barrister, orin wéré tí àwọn ọmọdé fi ń jí mùsùlùmí fún sààrì nínú oṣù Ramadan. Ó tó ọmọ ọdún 10 nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti gbé fújì jáde. Ìyá, ṣọ́ọ̀ṣì, àdúgbò. Kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ látinú ìwé nínú wọn.

Tiyín ńkọ́, bàbá? Báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀?

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Ẹni tó bá mọ Kétu á ti fura.

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ijó àwọn tó ń gbé ère igi lórí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìyá Ńlá là ń fi í bọlá fún, àti gbogbo ìyá tó kù, nítorí agbára tó wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ìkórè la sábà máa ń ṣe é, a sì máa ń ṣe é bí òjò bá kọ̀ tàbí tí àìsàn bá jà. Àwọn Nàgó, ìyẹn àwa Yorùbá, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló ni ín, àjọ UNESCO sì kéde rẹ̀ ní 2001 pé ó wà lára àwọn àṣà àtẹnudẹ́nu tó ta yọ láàárín aráyé. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ ṣáájú wọn pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran.

Òru ni ti Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀fẹ̀ á jáde sí ojúde, á júbà, á wá máa kọrin: ìtàn, àdúrà, ẹ̀gàn fún ẹni tó ṣe ohun tí kò dáa láàárín ọdún. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, orin náà á ti wà lẹ́nu àwọn tó ń rọ ẹ̀kọ. Ọ̀sán wá ni ti ijó, àwọn ọmọ kéékèèké ló sì ń ṣáájú. Ẹ fi ọkàn sí i dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Kì í ṣe àwọn ọ̀gá ló ń kọ́kọ́ jó. Ọmọ tí orí rẹ̀ ò tíì tó gbé igi ló ń kọ́kọ́ wọ agbo, pẹ̀lú irin lọ́rùn ẹsẹ̀. Ìyáàlù á pe gbólóhùn kan, ẹsẹ̀ ọmọ á dá a lóhùn, wọ́n á sì jọ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ṣì í, àgbàlagbà kan á wọlé, á fà á lọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀. Ojú gbogbo ìlú ló ti kọ́ ọ.

Èmi ò jó. Mo tó ọmọ ọdún méje, ẹ̀yìn àwọn onílù ni mo máa ń jókòó sí nítorí àbúrò bàbá mi wà lára àwọn tó ń lu omele. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹni tó ń lu agogo fẹ́ lọ mu omi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí àgbà kankan nítòsí. Ó gbé agogo lé mi lọ́wọ́. Àbúrò bàbá mi ò tiẹ̀ yíjú, ó kàn ní, "Má sáré, má sì falẹ̀. Bó o bá ṣubú, gbogbo wa la ṣubú."

Mo lù ú títí apá fi ń ro mí. Ẹni tó lọ mu omi ò tètè dé, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn ló tó jẹ́wọ́ fún mi. Mi ò rántí orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà. Mo rántí pé àwọn àgbà ọkùnrin tí mo ń bẹ̀rù, ìró ọwọ́ mi ni wọ́n dúró lé. Láti ọjọ́ náà, mi ò tún jókòó sẹ́yìn mọ́.

Ohun tí mo gbàgbọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí kò ju èyí lọ. Gbígbọ́ orin máa ń mú ká fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá nílò ọwọ́ ẹ lo di onílù.

Ṣé ó dìgbà téèyàn bá jẹ́ ọmọ Àyàn?

Rárá o. Èmi alára kì í ṣe ọmọ Àyàn. Bíríkìlà ni bàbá mi.

Ẹ má sì fojú di ohun tí ilé Àyàn ń fún ọmọ. Àyàngalú ni wọ́n ń júbà fún, wọ́n sì máa ń fi Àyàn síwájú orúkọ ọmọ: Àyándélé, Àyántúndé, Àyánwálé. Ọmọ bẹ́ẹ̀ jí sáàárín awọ àti ọsán ìlù, ó mọ oríkì ìdílé mélòó kan kó tó lọ sílé ìwé, bó bá sì ti lè di kọ̀ǹgọ́ mú, wọ́n á mú un ròde. Ohun tí àwa yòókù ń wá kiri, inú ilé ló ti bá a. Ìyẹn ni pé, ẹnìkan ti nílò ọwọ́ rẹ̀ kó tó béèrè. Bí ilé yín ò bá ní i, ẹ lè rí i níta.

Ọmọ mi ń lu abọ́, ó ń lu tábìlì, ó ń lu ilẹ̀kùn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fún un ní ohun tó lè lù. Agolo wàrà tó ti ṣófo tó. Kí ẹ sọ ibi tó ti lè lù ú fún un, àti àsìkò tó lè lù ú. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́ sí i, kó máa fi ìlù tẹ̀lé àtẹ́wọ́ yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án nítorí rẹ̀. Olùkọ́ kan nà mí nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nítorí mo ń fi ìka lu bẹ́ǹṣì. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí, àwa méjèèjì la jọ ń lù ú, a sì jọ jẹ ẹgba náà. Ọwọ́ rẹ̀ dán ju tèmi lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún lu nǹkan kan mọ́. Mi ò tíì dárí jì í nínú ọkàn mi títí dòní, ẹni tó nà wá ni mo ń sọ.

Ọjọ́ orí wo ló dáa jù? Mo ti lé lógún ọdún, ṣé kò ti bọ́?

Kò tíì bọ́. Lionel Loueke, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ti bá Herbie Hancock, ọ̀gá olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà, ṣeré káàkiri ayé, ọmọ ọdún 17 ni kó tó di gìtá mú. Òótọ́ ni pé ó ti ń lu ìlù nígbà tó wà lọ́mọdé, ara rẹ̀ ti mọ ọ̀nà, ìka nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹni tó ti jó níbi ìnáwó fún ogún ọdún kì í ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pátápátá.

Ọmọdé ló ń tètè mú nǹkan. Àgbàlagbà ló mọ ìdí tó fi wá. Ẹni tó dàgbà jù tí mo ti kọ́ rí ti ní ọmọ-ọmọ, ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà Ouando ni. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló fẹ́. Oṣù mẹ́rin ló fi mọ̀ ọ́n, ẹgbẹ́ wọn ò sì jáde láìsí i mọ́.

Kí ló dé tó jẹ́ omele lẹ máa ń kọ́ wọn? Ọmọ mi fẹ́ fọ̀ pẹ̀lú ìyáàlù.

Gbogbo wọn ló fẹ́ fọ̀. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń pe orúkọ, òun ni owó ń lẹ̀ mọ́ lórí. Omele kàn ń sọ ohun kan náà ní àsọtúnsọ, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyáàlù lè yà, ó lè dákẹ́, ó lè sáré síwájú kó tún padà, nítorí omele ò yẹ̀. Lọ́jọ́ tí omele bá yẹ̀, ìyáàlù á di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí omi. Nítorí náà, ẹni tó bá lu omele fún ọdún kan ti kọ́ ohun mẹ́ta tí ẹnu mi ò lè kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti le. Ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí ìyáàlù ń sọ láìmọye ìgbà, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà. Èyí tó ga jù ni pé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹlòmíì nígbà tí ọwọ́ ara ẹni ń ṣiṣẹ́.

Mo máa ń dán wọn wò. Bí ọmọ bá ti ń lu omele rẹ̀ bọ̀ dáadáa, èmi á mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyáàlù fà á kúrò lọ́nà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo wọn ló ń tẹ̀lé mi lọ sínú igbó. Bó bá pẹ́, ọmọ kan á kọ̀. Á di orí omele mú, á wo ojú mi, á máa lu tirẹ̀ lọ, èmi ni màá sì padà wá bá a. Ọjọ́ yẹn ni mo máa ń ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀.

Àwọn tó fi ìyáàlù bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ọ̀pọ̀ wọn ni mi ò rí mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àwọn tó lu omele ló ń pẹ́.

Níbo la ti lè rí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Àjàṣẹ́?

Ìlú yìí kún fún un débi pé ẹni tó bá ní òun ò rí i, kò jáde nílé ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì lọ́pọ̀ ń gbà wọlé. Àjàṣẹ́ níbí ni Samuel Bilewu Oschoffa, káfíńtà, ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947. Ẹni tó bá ti dé ibi ìsìn wọn mọ̀ pé orin kì í sinmi níbẹ̀: akọrin, ìlù, dùùrù, fèrè onídẹ. Mo mọ àwọn tó ń fọn fèrè kiri Kútọnu báyìí tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi fèrè sẹ́nu, tí kò sẹ́ni tó gba owó lọ́wọ́ wọn.

Ààfin náà ní tirẹ̀. Adjogan, orin ọba ìlú yìí, ọ̀pá irin tó ní òrùka lára ni wọ́n fi ń ṣe é. Alounloun ni wọ́n ń pè é. Bí ọ̀pá bá ṣe ń lọ sókè sódò ni òrùka ń ró. Wọ́n ní ọ̀pá àṣẹ ọba Tè-Agbanlin ló ti wá. Iwájú ọba àti àwọn ìjòyè nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì, wọ́n yọ ẹyẹ ọba kúrò lórí ọ̀pá, wọ́n fi àgbélébùú sí i. Orin tó lè rìn láti ààfin dé orí pẹpẹ, ó yẹ kí ọmọ yín lè bá a rìn.

Àwọn Àgùdà, tí àwọn baba ńlá wọn ti Brazil padà wá, ní ijó àti orin eégún tí wọ́n ń pè ní búríyán, wọ́n sì ṣì ń fi èdè Potogí kọrin rẹ̀. Àwọn mùsùlùmí ní orin Ramadan àti ti ìgbéyàwó. Ẹ tún wo Sagbohan Danialou, ọmọ Àjàṣẹ́, tí gbogbo Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní "homme-orchestre", ẹnìkan tó tó odindi ẹgbẹ́ olórin, torí kò sí ohun èlò tó o bá gbé fún un tí kò ní mú ohùn jáde lára rẹ̀. Ìlú tó bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti ń wá orin tì.

Ọmọbìnrin ńkọ́?

Ẹ mú wọn wá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ń ní kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, wọ́n ń ní ọkọ ò ní fẹ́ ẹ. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọkùnrin ló ń gbé igi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nítorí ìyá ni wọ́n ṣe ń gbé e, bí àwọn obìnrin ò bá sì gbe orin, ojúde á dákẹ́. Ní Natitingou lápá òkè, láti 2016, àwọn ọmọbìnrin kan tí wọn ò mọ ohunkóhun nípa ìlù tẹ́lẹ̀ ló di Star Feminine Band: àwọn ló ń lu dírọ́ọ̀mù, àwọn ló ń ta gìtá, àwọn ló ń kọ orin, àwo wọn sì jáde ní Faransé ní 2020. Ẹnìkan kàn ṣílẹ̀kùn fún wọn ni. Nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi báyìí, ẹni tó di omele mú jù lọ, ọmọbìnrin ni.

A ò lówó ohun èlò.

Ẹ má tíì rà á. Agogo, agolo, àtẹ́wọ́ àti ohùn ò gbówó. Nígbà tí Loueke ń kọ́ gìtá, bí okùn bá já, kò rí owó ra òmíì. Okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló ń fà sí i. Kò sì dá a dúró.

Bí ẹ bá máa ra ìlù, ẹ lọ bá ẹni tó ń gbẹ́ ẹ, kí onílù kan sì tẹ̀lé yín lọ. Ìlù tí wọ́n ń tà fún àlejò máa ń dán lójú, awọ rẹ̀ ò sì ní pẹ́.

Ṣé dandan ni ká mọ dò-rè-mí?

Fún ẹni tó fẹ́ ta dùùrù tàbí fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ ńlá, bẹ́ẹ̀ ni, kó kọ́ ọ, yóò ṣí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn fún un. Fún onílù, etí ló kọ́kọ́ ń ṣíwájú. Ẹni tó bá ní méjèèjì, ẹ bá mi kí i.

Ṣé fóònù ò lè kọ́ ọ?

Fóònù á fi ibi tí ọwọ́ ń lọ hàn ọ́. Kò ní dúró dè ọ́, kò sì ní ṣubú bó o bá ṣubú. Ẹ lò ó láti gbọ́ àwọn àgbà tó ti lọ, ìyẹn wúlò púpọ̀.

Àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńláńlá yìí, ṣé kì í pa etí ọmọdé?

Ó ń pa á. Irun wẹ́wẹ́ kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń gba ohùn, bó bá kú, kì í hù mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ jókòó ti ẹ̀rọ níbi ìnáwó. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn òde, ó ti pọ̀ jù nìyẹn.

Ṣé wọ́n lè fi jẹun?

Ó ń bọ́ àwọn kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní iṣẹ́ kejì: mo mọ télọ̀, mo mọ olùkọ́, mo mọ ẹni tó ń wa zémidjan lọ́sàn-án tó sì ń ta gìtá lálẹ́. Mi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ orin tara rẹ̀ kó lọ forúkọ sílẹ̀ ní BUBEDRA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tó ni orin. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa ló ń fi èyí jáfara, títí ẹlòmíì á fi máa jẹ lórí orin wọn.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí fún ẹni tó ń kánjú. Ọdún 1968 ni Mélomé Clément dá Orchestre Poly-Rythmo sílẹ̀ ní Kútọnu. Wọ́n gbé àwo jáde láìlóǹkà, ìnáwó gbẹ, àwọn kan kú, ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ní 2009 ni wọ́n tó kọ́kọ́ lọ ṣeré káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, tí irun orí wọn ti funfun. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ń bọ̀ ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń lù ú.

Kí ló ń mú káwọn míì fi í sílẹ̀?

Ìdánwò, ìgbéyàwó, ìrìn àjò. Nígbà míì, ikú ọ̀gá ni. Bí ẹgbẹ́ bá tú ká, ọwọ́ á dákẹ́, ẹni náà á máa rò pé òun ló yẹ̀.

Mo ní ọmọ kan tí mo kọ́ láti kékeré. Ó lọ sí Gabon, ó lo ọdún mọ́kànlá. Nígbà tó dé, ó wá kí mi, ó jókòó síbẹ̀ yẹn, kò sọ pé òun fẹ́ lu nǹkan kan. Àwọn ọmọdé ń lù lọ́wọ́, omele kan ń yẹ̀. Mo rí i tí ìka rẹ̀ ń ṣe é lórí orúnkún láìmọ̀. Mo ní kí ọmọ tó ń lù ú lọ bá mi bu omi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, èmi ò sì wojú rẹ̀. Ó gbé omele náà.

Ọjọ́ wo la lè mú ọmọ wá?

Ọjọ́ Sátidé, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Ẹ má ra ìlù ṣáájú. Kó ti jẹun, kó wọ aṣọ tó lè fi jókòó sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà sì dúró tì í lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí agogo kan máa ń ṣẹ́ kù tí mò ń wá ẹni tó máa lù ú.